Owó àjọ tó di ìbọn góòlù ní Kubwa

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Ìbejì lọ bá oní-POS nítòsí ọjà Kubwa kó lè gba owó àjọ jáde. Obìnrin méjìlá ló ń dá àjọ náà, ₦15,000 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àkáǹtì Ìyá Ìbejì sì ni owó máa ń kó jọ sí ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù. Ìyá Oníṣu ló kàn lóṣù yẹn. Ó ti bá ẹni tó fẹ́ ta fíríìsà tòkúnbọ̀ fún un sọ ọ́ pé òun ń mú ₦180,000 bọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. POS ní owó kò tó. Wọ́n tún káàdì kì bọ̀ ọ́, ó ní kò tó. Nígbà tí wọ́n yẹ àkáǹtì wò, ₦9,100 ló kù níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí gbogbo wa lọ́kàn ni pé gbájúẹ̀ ti ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ti rí irú rẹ̀ rí, kò sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pe báńkì, báńkì ti àkáǹtì pa, wọ́n sì gbé fóònù wá fún mi torí pé èmi ni mo ń tún fóònù ṣe ládùúgbò. Mo tún ní PlayStation méjì ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi náà sì ti ń gbá géèmù láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sínú kásẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́. Kò sí áláàtì kankan lórí SMS. Ìyá Ìbejì ti ní kí báńkì dá a dúró nítorí owó tí wọ́n ń yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ímeèlì ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, ta ló sì ń ráyè ṣí ímeèlì nínú àwọn tó ń ta aṣọ lọ́jà? Mo ṣí i. Rìsíìtì mọ́kànlélógún ló tò síbẹ̀, ìsọ̀ app kan náà ni gbogbo wọn ti wá, géèmù kan náà ni wọ́n wà fún, láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago méjì òru. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦170,900.

Táyé dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Mi ò tíì dárúkọ géèmù náà tán tí ìyá rẹ̀ fi yíjú sí i, n kò sì ní ṣàpèjúwe ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbà ni, ó sì pọ̀.

Bí owó ṣe jáde

Káàdì ti wà lórí fóònù náà tipẹ́. Ìgbà kan ni àyè tí Ìyá Ìbejì ń kó fọ́tò aṣọ títà sí kún, wọ́n sì fi káàdì san owó àyè sí i. Báńkì fi OTP ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì tán síbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí fóònù lè fi káàdì náà rajà. Táyé mọ̀ ọ́n, torí òun ló ń bá ìyá rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí àwọn aláṣọ ní Kano, òun náà ló ń ka ọ̀rọ̀ WhatsApp tó bá gùn fún un. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí mo mọ̀ ní Abuja, ọmọ ni akọ̀wé ilé.

Géèmù ìbọn ni géèmù náà, ọ̀fẹ́ ni láti gbé e sórí fóònù. Ẹ kò lè fi náírà ra ìbọn tó bá wù yín nínú rẹ̀. Náírà lẹ ó kọ́kọ́ fi ra kọ́ìnì, kọ́ìnì lẹ ó wá fi yí spin, ìyẹn ohun tí ẹ ń yí bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́, tí ẹ kò mọ ohun tó máa bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ìdì mẹ́ta ni kọ́ìnì náà: 80 ní ₦1,700, 420 ní ₦8,500, 880 ní ₦16,500. Nǹkan mẹ́wàá ló wà nínú spin kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń wá níbẹ̀, àwọn mẹ́sàn-án yòókù kò ju àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìbọn àti oríṣiríṣi ijó. Ohun tó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ kì í padà wá mọ́, nítorí náà ẹni tó bá yí i dé ìgbà kẹwàá ti rí ìbọn góòlù náà gbà, dandan ni.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Yíyí àkọ́kọ́ jẹ́ kọ́ìnì 30, ìkejì 50, ìkẹta 80, ìkẹrin 120, ìkarùn-ún 200, ìkẹfà 300, ìkeje 450, ìkẹjọ 600, ìkẹsàn-án 800, ìkẹwàá 1,000. Ẹ rò ó pọ̀, 3,630 ni. Mo wá gbogbo ojú géèmù náà, wọn kò kọ 3,630 síbì kankan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé wọ́n kọ ọ́ ní náírà, tó jẹ́ nǹkan bí ₦70,000. 30 ni ojú ọmọ rí. Bó bá sì ti yí i dé ìgbà karùn-ún, tí nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò wúlò ti jáde, ohun tó kù lójú rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, ó ti sún mọ́ ọn, ta ló máa fi í sílẹ̀ báyìí?

Wọ́n kọ ìpín ohun kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ó wà lẹ́yìn àmì kékeré kan ní igun òkè, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rí i pé ní yíyí àkọ́kọ́, ìbọn góòlù kò tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe inú rere ló mú wọn kọ ọ́. Ṣáínà ló sọ ọ́ di dandan ní 2017 pé kí àwọn tó ń ta géèmù máa kọ ìpín náà síta, Apple náà sì fi í sínú òfin ìsọ̀ app rẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Táyé kò tẹ àmì náà rí. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí a jọ ń gbá géèmù kò tẹ̀ ẹ́ rí bákan náà.

Ìdì kékeré méje ló rà, ti àárín mẹ́sàn-án, ńlá márùn-ún. Ẹ ó rí i nínú rìsíìtì bó ṣe ń gòkè: òru àkọ́kọ́, ₦1,700, ₦1,700, ₦1,700, nígbà tó fi máa di òru tó gbẹ̀yìn, ₦16,500 ló ń rà bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8,740 kọ́ìnì. Ó parí spin méjì pátápátá, ìbọn góòlù nínú èkíní, aṣọ jagunjagun kan tó ń tàn yòò nínú èkejì. Ọkọ̀ ló ń wá nínú ẹ̀kẹta, ó sì yí i dé ìgbà keje. Kọ́ìnì 250 ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, kò lè fi yí ìkẹjọ, kò sì kéré débi tí èèyàn á fi gbàgbé rẹ̀. Mo ti rí i nínú géèmù tó pọ̀ pé ìdì tí wọ́n ń tà kì í bá iye tí wọ́n ń gbà mu, kí nǹkan lè máa ṣẹ́ kù síni lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mú un jókòó lọ́tọ̀, mo bi í pé èló ló rò pé òun ná. Ó ní kò lè ju ogójì ẹgbẹ̀rún lọ. Mo gbà á gbọ́. Kọ́ìnì ló ń ná, kì í ṣe owó.

"Kí lo wá fẹ́ fi ìbọn góòlù ṣe?"

"Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá wọlé, wọ́n á ní kí n jáde."

Èèyàn mẹ́rin ló ń jọ ṣe ẹgbẹ́ nínú géèmù yẹn, wọ́n sì máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí òun ń bá pàdé wà ní Lugbe, ní Kaduna, ní Jos, wọ́n ń sọ Hausa àti pijin pọ̀. Bí wọ́n bá ti rí i pé aṣọ ọ̀fẹ́ ló wọ̀, wọ́n á pè é ní default, ẹnì kan a tiẹ̀ máa pè é ní almajiri, bí ẹni pé àwọn ọmọ tó ń fi abọ́ kiri títì ló yẹ kí èèyàn fi bú èèyàn. Wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n yìn. Mo ti rí i níbi tó ti ń yìn ín, ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn agbágéèmù fi ń gbèjà àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, pé aṣọ lásán ni, kò fi kún agbára ẹni, ẹni tí kò bá fẹ́ kó má rà á. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu òyìnbó, ó jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló máa wí fún mi pé aṣọ lásán ni? Ẹni tó bá lọ sí òde láì ra aṣọ ẹbí mọ ibi tí wọ́n á fi òun jókòó sí, ó sì mọ ìgbà tí jọ̀lọ́ọ̀fù máa dé ọ̀dọ̀ òun. Àwọn tó ṣe géèmù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò wá sójú kan kó tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ kálukú hàn, kí èyí tó wọ tirẹ̀ lè rí èyí tí kò ní.

Ìpàdé àgbàlá

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n pe ìpàdé. Bàbá Ìbejì, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna, ti wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibùdó Kubwa. Àwọn obìnrin àjọ wá, lándíìlọ́ọ̀dù wá, àwọn tí kò kàn náà gbé àga jáde.

Bàbá lándíìlọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fọ́ fóònù náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì kó gbogbo ohun tó ń jẹ́ géèmù kúrò nílé, ojú ṣọ́ọ̀bù mi ló sì wò nígbà tó sọ gbólóhùn kejì. Ìyá Oníṣu ní òun kò mọ géèmù, òun kò mọ spin, ohun tí òun mọ̀ ni pé ẹni tó mú owó olówó lóru, olè ni. Ìyá Ìbejì kò sọ nǹkan kan. Ó ń sunkún.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta dátà ní iwájú ilé, tí òun náà ń gbá géèmù yẹn gan-an, ló wá sọ ohun tó bí mi nínú jù. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú un. Èmi náà ń ra kọ́ìnì lóṣooṣù, mi ò jí owó ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni géèmù yẹn. Bí àwa kan ò bá ná owó, ta ló fẹ́ máa san owó server, ẹ̀rọ tí géèmù ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀?"

Mo tọrọ gáfárà, mo ní kí n sọ tèmi. Táyé ṣẹ̀. Ó mọ̀ pé owó náà kì í ṣe tòun, òru ló sì ń ṣe é, ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe ohun tí kò dáa kì í dúró de òru. Ìyà tó bá tọ́ sí i, kí bàbá rẹ̀ fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí ní ẹnì kẹta tí kò sí lórí ìjókòó. Ẹnì kan ta ọjà ₦170,900 fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lóru, kò sọ iye tí ọjà náà jẹ́ fún un, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni káàdì. Bó bá jẹ́ pé aláṣọ kan ní ọjà Kubwa níbí ló ṣe bẹ́ẹ̀, ilé rẹ̀ la bá wà báyìí.

Ní ti owó server, mi ò bá ẹni tó ń tajà jà. Èmi náà ń ra géèmù, mo sì mọ bí owó rẹ̀ ṣe wọ́n láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: ìbọn góòlù, ₦70,000. Mo yíjú sí Táyé níwájú gbogbo wọn, mo bi í pé bí wọ́n bá kọ ọ́ báyẹn, ṣé ó máa rà á? Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó ní, "Ìbọn inú fóònù? Rárá o!" Ọmọkùnrin oní-dátà náà rẹ́rìn-ín, kò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. Òun náà kò ní rà á. Bí oníbàárà bá máa sá nígbà tó bá rí iye tí ọjà jẹ́, ẹni tó fi iye náà pa mọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Lándíìlọ́ọ̀dù ní ọ̀rọ̀ mi dùn ún gbọ́ o, ṣùgbọ́n ṣé òyìnbó ni mo fẹ́ lọ pè lẹ́jọ́?

Wọ́n ti pè é lẹ́jọ́ níbòmíràn

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ láàárín àwa tí a ń gbá géèmù. Ní 2006, ilé iṣẹ́ Bethesda ta ìhámọ́ra ẹṣin fún dọ́là méjì ààbọ̀ nínú géèmù Oblivion, gbogbo ayé sì fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Lónìí ó ń ṣe mí bíi kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ mọ iye rẹ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbà, ẹṣin náà á sì wọ ìhámọ́ra rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpótí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ariwo àwọn agbágéèmù lórí Star Wars Battlefront II pọ̀ débi pé EA, ilé iṣẹ́ tó ń ta géèmù náà, pa títà fi owó gidi tì nígbà tó ku ọjọ́ kan kí géèmù náà jáde. Mo máa ń rántí ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ní ariwo wa kò já mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù yẹ irú àpótí bẹ́ẹ̀ wò nínú FIFA 18, Overwatch àti Counter-Strike, wọ́n sì sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2018 pé tẹ́tẹ́ ni. EA dá títa FIFA Points, owó inú géèmù tí wọ́n fi ń ra àpótí FIFA, dúró ní orílẹ̀-èdè náà ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ní Netherlands tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú wọn, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá Yúrò lé EA lórí àpótí FIFA kan náà, tí wọ́n ń pè ní páàkì, àmọ́ ilé ẹjọ́ wọn fagi lé e ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n ní páàkì náà kì í ṣe géèmù kan lọ́tọ̀, ara bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ni. Mo ti ka àlàyé yẹn dáadáa, kò tíì wọ̀ mí létí. Ọmọ lè máa ra páàkì láti àárọ̀ di alẹ́ láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ti Amẹ́ríkà ló jọ tiwa jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Epic Games tó ni Fortnite gbà láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là, kí àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà níbẹ̀ lè jáwọ́ lára wọn. Mílíọ̀nù 245 nínú rẹ̀ wà fún dídá owó padà fáwọn tó rajà. Lára ẹ̀sùn tí FTC fi kàn wọ́n ni pé àwọn ọmọdé ń tẹ bọ́tìnì, owó òbí ń lọ láìsí pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ òbí, àti pé bí ẹnì kan bá lọ bá báńkì rẹ̀ kí wọ́n gba owó náà padà, wọ́n á ti àkáǹtì géèmù rẹ̀ pa. Ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn yìí sọ́kàn.

Nílé níbí, òfin kò ṣaláì sí. Child's Rights Act ti 2003, tó múlẹ̀ ní Abuja, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọmọdé ni, apá kejìdínlógún rẹ̀ sì sọ pé ọmọdé kò lè bá ènìyàn ṣe àdéhùn àfi lórí ohun kòṣeémàánìí. Ìbọn góòlù kì í ṣe oúnjẹ. Òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí ẹni tó ń tajà fi iye ọjà hàn oníbàárà. Ní ti tẹ́tẹ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí lọ́tìrì, pé Abuja nìkan ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2005 kù sí. Ẹni tó ṣe òfin ní 2005 kò lè ti rò ó pé spin á wà nínú fóònù ọmọdé. Ilé tẹ́tẹ́ tó wà ní ìkóríta wa kọ 18+ gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti lé Táyé kúrò níbẹ̀ rí nígbà tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ohun tí ilẹ̀kùn yẹn dí mọ́ ọn wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ibi tí a bá a dé

Bàbá Ìbejì mú ₦90,000 tó yá ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi ₦9,100 kún un, wọ́n kó o fún Ìyá Oníṣu. Ó ku ₦80,900, obìnrin náà sì gbà láti dúró, lẹ́yìn tí Ìyá Ìbejì ti yọ̀ǹda oṣù tirẹ̀ lórí àjọ gẹ́gẹ́ bí ìdúró. Fíríìsà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn sì dùn ún ju owó lọ. Kẹ́hìndé ló yí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí fóònù padà. Kò sọ ọ́ fún Táyé, kò sì sọ ọ́ fún ìyá wọn pẹ̀lú títí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́.

Èmi àti Bàbá Ìbejì jókòó ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó padà ní ìsọ̀ app. A kọ ọjọ́ orí ọmọ sí i, a kọ nọ́ńbà rìsíìtì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èsì dé, wọ́n dá ìdì ńlá mẹ́ta tó gbẹ̀yìn padà, ₦49,500. Wọ́n ní àwọn yòókù ti pẹ́ jù. A tún un kọ, a fi òfin ọmọdé tì í lẹ́yìn, èsì kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́, kódà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà. Bàbá Ìbejì kọ lẹ́tà sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, torí Abuja níbí ni ọ́fíìsì wọn wà, ó sì gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Owó tó padà ti wọ ọwọ́ Ìyá Oníṣu. Ó ku ₦31,400.

Nígbà tí mo wá ṣí géèmù náà, mo rí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Àkáǹtì Táyé ti jẹ gbèsè. Ìdì mẹ́ta tí wọ́n dá owó rẹ̀ padà jẹ́ 2,640 kọ́ìnì. Wọ́n kó 250 tó ṣẹ́kù, wọ́n sì kọ −2,390 síbẹ̀ ní pupa. Wọ́n ní kò lè wọ ìdíje tàbí ra nǹkan kan títí tó fi máa san án. Bó bá fẹ́ fi ìdì ńlá san án tán, mẹ́ta ló máa rà. Ẹ wo iye rẹ̀: ₦49,500.

Ìyá Ìbejì ní kí n pa àkáǹtì náà rẹ́. Bàbá Ìbejì ní rárá, ó ti gbọ́ pé àwọn kan ń ra àkáǹtì géèmù. Òótọ́ ni, ọjà ńlá ni láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, àdéhùn géèmù náà sì sọ pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Mo ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí fún wọn: gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì, ti ilé iṣẹ́ ni, ẹni tó sanwó kàn gba àyè láti lò ó ni. Kì í ṣe géèmù ọ̀fẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe báyìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, Ubisoft pa server géèmù mọ́tò The Crew, àwọn tó ní disiki rẹ̀ lọ́wọ́ pàápàá kò lè gbá a mọ́, ariwo sì sọ débi tí ọ̀rọ̀ náà fi dé iwájú àwọn aṣòfin ní Yúróòpù. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, òfin Califọ́níà sọ pé ẹni tó bá kọ "rà" sí ara irú ọjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àyè ìlò ló ń gbà. Mo ní bí a bá ta àkáǹtì yìí, nǹkan tí kì í ṣe tiwa la tà, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́la. Mo tún ní mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ló máa rà á.

Ìyá Ìbejì fi etí sí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé nígbà tí wọ́n ń mú owó mi, wọ́n ka àdéhùn yẹn fún mi? Ẹ pe ẹni tó fẹ́ rà á."

Ọmọkùnrin kan wá láti Mararaba. ₦80,000 ló kọ́kọ́ dá lé e lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n nígbà tó rí gbèsè pupa yẹn, ó já a sí ₦20,000, kò sì gbé e sókè mọ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ni Táyé ti yí ímeèlì àkáǹtì náà padà fún un, owó wọlé, ìyá rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ sí Ìyá Oníṣu kó tó dìde lórí àga. Ó ku ₦11,400.

Ọmọkùnrin náà ti ń wọ bàtà rẹ̀ nígbà tó rántí nǹkan kan. Ó bi Táyé pé mélòó ló kù nínú spin ọkọ̀ yẹn. Táyé ní mẹ́ta.